Ilé Tí A Kò Tíì Sọ Tán

“Ògiri,” ni Dúródọlá wí sínú ìkarahun tó so kọ́rùn. “Ògiri ẹ̀yìn ilé. Ó ga dé abẹ́ òrùlé. Láàárín, ó yọ ikùn síta díẹ̀.”

Ìkarahun náà tàn yòò, ó sì tún ṣókùnkùn. Ó ti gba ọ̀rọ̀ náà wọlé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré inú rẹ̀, èyí tí kò jọ ti ọkùnrin tí kò sì jọ ti obìnrin, béèrè pé: “Kí ni wọ́n fi mọ ọ́n?”

Dúródọlá kò tíì dáhùn. Ó fi eegun ìka kan ògiri náà lókè, ó kàn án láàárín, ó wá di ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ mú, ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kàn án nísàlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lókè, ògiri náà ń dún bí òkúta. Nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ó ń dún bí akèrègbè òfìfo. Ó sún imú mọ́ ọn. Òórùn ìdí àmù ló gbọ́.

“Símẹ́ńtì ni, ọmọ mi,” ni Bàbá Láníyọnu wí lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ni ilé náà, àgbàlagbà tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá ti funfun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. “Sọ fún un pé símẹ́ńtì ni. Kò sẹ́ni tí kò rí i níbí.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ògiri.”

“Ògiri ti wá ń sọ̀rọ̀?” ni Ràfátù dá sí i. Ọmọ àbúrò Bàbá ni, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń sùn sí yàrá tó fara ti ògiri yìí gan-an. “Ẹ bá wa bi í mà, ta ló jẹ ẹran tó kù nínú ìkòkò lánàá?”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Dúródọlá náà ìbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Àárẹ̀ iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ni: kí ènìyàn máa wọ ilé onílé, kó pe òpó ní òpó, kó pe àtẹ́rígbà ní àtẹ́rígbà, kó sì jẹ́ pé bó bá ti pè é tán, àwọn tó ni ín a bú sẹ́kún.

Lẹ́nu ọ̀nà, ikán ń mí.

Kì í ṣe ikán inú ilẹ̀. Ẹ̀rọ ni, ó tóbi ju ọkọ̀ akóyanrìn lọ, ara rẹ̀ sì pọ́n bí ilẹ̀ tó ti ń jẹ kiri. Iwájú ni ẹnu rẹ̀ wà: àgbá irin méjì tí wọ́n ń yí sí ara wọn, tí wọ́n lè lọ òkúta di ìyẹ̀fun. Ohun tí ẹnu bá lọ̀, ikùn a pò ó mọ́ oje kan tí ń rùn bí ọ̀rá, ẹ̀yìn a sì máa tò ó jáde ní ìpele ìpele, bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá ń ká okùn amọ̀ lé ara wọn. Bí ó bá jẹ ilé kan láàárọ̀, ògiri mìíràn á ti máa ga sókè níbẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ àká. Orúkọ tí ìjọba fún àwọn ilé gíga wọ̀nyí gùn, ṣùgbọ́n àká ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n, nítorí bí a ti ń to ọkà ni wọ́n ń to ènìyàn sínú wọn, onílùú àti ẹni tí òkun lé wá láti etí omi.

Dúródọlá kò kórìíra ikán. Ó ti dúró wò ó púpọ̀ nídìí iṣẹ́, títí ó fi mọ ìró tó máa ń dún nínú rẹ̀ bí oje bá fẹ́ tán, àti bí àgbá irin rẹ̀ ṣe ń fà sẹ́yìn wẹ́rẹ́ bí ó bá kan ọ̀pá irin nínú òpó, tí yóò yọ ọ́ sọ́tọ̀ bí ẹni ń yọ egungun ẹja. Ohun tó dára ni, bí ènìyàn bá mú ojú kúrò lára ohun tó ń jẹ.

“Ẹ̀gbọ́n!” Gbádébọ̀ ló ń pariwo níta. Òun ló ń da ikán náà kiri bí Fúlàní ti ń da màlúù. “Ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni? Oòrùn ò dúró de ẹnì kan o! Tí wọ́n bá gbé yàrá yín fún ẹlòmíràn, ẹ má ní mi ò sọ.”

“Mo gbọ́ ẹ, Gbádébọ̀.”

Yàrá náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti àárọ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ni, nínú àká tó wà lẹ́bàá odò, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò kan. Òkè téńté ni Dúródọlá ń gbé láti ọjọ́ yìí wá, níbi tí ẹ̀rọ agbéniròkè kì í ti í ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ àjọ̀dún lọ, tí ó sì máa ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn bí ọmọ tó ń rákò. Ó ti tò fún yàrá ìsàlẹ̀ yẹn títí tí àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jọ tò fi kú. Òní ni wọ́n ṣí i fún un. Ohun tó kù ni kó sọ ilé Láníyọnu tán, kó dá ìkarahun padà, kó sì lọ fi ohùn ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn náà kí oòrùn tó wọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ tí ilẹ̀kùn kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ti ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìlà ni.

Bàbá Láníyọnu ti ki ọwọ́ bọ àpò bùbá rẹ̀, ó mú àwòrán kan jáde, ó nà án sí i.

“Wò ó. Ọdún tí bàbá mi kọ́ ilé yìí nìyẹn. Wo ògiri náà bó ti dúró ṣánṣán.”

Dúródọlá wò ó nítorí ọ̀wọ̀ àgbà. “Ó dára, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àwòrán kì í jẹ́rìí mọ́.”

“Ṣé èmi ni wàá sọ fún? Èmi tí wọ́n fi àwòrán ẹ̀gbọ́n mi hàn níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, tó ń ta oko wa fún àjèjì. Ó ń bú ìyá rẹ̀ nínú àwòrán náà! Ẹ̀gbọ́n mi tí kò lè gbé ojú sókè wo ìyá wa. Ẹ̀rọ ló ya gbogbo rẹ̀.” Ó dá àwòrán náà padà sápò. “Mo kàn ní kó o wò ó ni.”

“Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rán wa wá, Bàbá. Ohun tí ojú asọlé bá rí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kàn, òun nìkan ló kù tí ìlú gbà gbọ́.”

“Nígbà náà, jẹ́ kí ojú rẹ rí símẹ́ńtì.”

“Ẹ fún mi láyè kí ọwọ́ mi kàn án, Bàbá.”

Ó mú ọ̀bẹ kékeré kan nínú àpò, ó ki ẹnu rẹ̀ sí ibi tí ògiri ti ń dún bí akèrègbè, ó sì yí i díẹ̀. Kò lo agbára. Símẹ́ńtì náà ṣí kúrò lódidi bí èèpo ẹyin tí wọ́n sè, ó ṣubú sílẹ̀ gbàgà. Lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ wà níbẹ̀, pupa, ó ń dán. Dúródọlá ti ìka méjì bọ̀ ọ́. Ìka náà wọlé bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ìka bọ ọ̀gì.

“Yéè!” ni Ràfátù wí.

“Ìgbà wo lẹ rẹ́ ẹ?”

“Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni mà.” Ohùn Ràfátù ti lọ sílẹ̀. “Gbogbo ẹbí ló dá sí i. Wọ́n ní bí asọlé bá ti lè pe amọ̀ báyìí, ikán ti wọlé nìyẹn. A wá ní ká bo ìtìjú Bàbá.”

“Ta ló sọ fún yín pé ìtìjú ni?” ni Bàbá wí.

“Ẹ̀yin náà lẹ ń gbé omi tá a fi pò ó, Bàbá! Ẹ tún ń kọrin sí i!”

Dúródọlá jókòó lé igi ìdáná kan tó wà níbẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbà kó dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ etí ìró. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ògiri amọ̀ nínú gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń kọ́ ilé, ó sì pẹ́ tó ti rí èyí tó nípọn tó báyìí. Ìpele ìpele ni wọ́n fi mọ ọ́n; wọ́n á mọ ìpele kan dé orúnkún, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, nítorí náà ni kò fi sí ìpele tó wọ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́rùn jù. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Bí òjò bá rọ̀, a mu nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, a mí omi náà jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn fi lè tètè pa á ni kó dí i nímú. Símẹ́ńtì ló dí imú èyí. Omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ kò rí ibi gbà jáde mọ́, ó dúró sáàárín, ó ń fi gbogbo àsìkò òjò rọra sọ ẹsẹ̀ ògiri di ẹrọ̀fọ̀.

“Mà, ṣé àwa la pa á?” ni Ràfátù béèrè.

“Kò tíì kú. Aṣọ òtútù lẹ wọ̀ fún ẹni tí ooru ń mú.”

“Ó ṣeé bọ́ lọ́rùn rẹ̀?”

“Ó ṣeé bọ́. Tí ẹ bá bọ́ ọ kúrò nísàlẹ̀ yípo, tí atẹ́gùn kàn án, tí omi òrùlé kò ta sí i lẹ́sẹ̀ mọ́, ó máa gbẹ. Tó bá gbẹ, ọmọ ọmọ yín á bá a níbí.”

“Kí ni wọ́n fi mọ ọ́n?” ni ìkarahun tún béèrè. Kì í bínú, kì í sì í gbàgbé.

Dúródọlá mí kanlẹ̀. “Amọ̀,” ni ó wí.

Bàbá Láníyọnu fi ọ̀pá gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìkarahun tàn.

“Ó gbẹ, tàbí ó tutù?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí, Dúródọlá sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò já sí láti ìgbà tó ti gbọ́ òórùn ìdí àmù. Amọ̀ tó gbẹ, ilé ni, kí onílé máa gbé e. Amọ̀ tó tutù, oúnjẹ ikán ni. Ìkarahun kò ní ìbéèrè kẹta. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ “ó máa gbẹ”. Ohun tó wà lónìí nìkan ló ń gbọ́. Àwọn tó ṣe é ti rí i pé ọ̀la ni gbogbo òpùrọ́ máa ń gbà sá.

Gbádébọ̀ ti gbọ́ ìbéèrè náà láti ẹnu ọ̀nà, ó sì wọlé. Ọkùnrin ńlá ni, ojú rẹ̀ pọ́n, eruku ilé oríṣiríṣi wà lára rẹ̀. Ó kí Bàbá pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ ìlàjì, ó wo ihò tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri, ó sì fa ẹnu wọlé.

“Ó tutù,” ni ó wí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ ká máa lọ. Èmi náà ò tíì jẹun.”

“Ìwọ tí ikán rẹ ń jẹ ilé ènìyàn,” ni Ràfátù wí, “o tún ní o ò jẹun?”

“Aya mi, ebi ò mọ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe.”

“Aya ta ni? Lọ bá ikán rẹ, òun lo fẹ́.”

Bàbá Láníyọnu sún mọ́ Dúródọlá, ó tẹ ohùn rẹ̀ balẹ̀. “Ọmọ mi. Wí pé ó gbẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìwọ á lọ, ikán á lọ, àwa á sì fara balẹ̀ tọ́jú ògiri wa. Ta ló máa mọ̀?”

“Bí ó bá wó lu àwọn ọmọ Ràfátù lójú oorun ńkọ́, Bàbá?”

Bàbá fi ọ̀pá ti èèpo símẹ́ńtì tó wà nílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ rántí Kíkẹ́lọmọ,” ni Gbádébọ̀ wí, kò tilẹ̀ fi ṣe ìkìlọ̀, bí ẹni tó ń rántí ohun tó dun òun ni.

Kò sí asọlé tí kò rántí Kíkẹ́lọmọ. Àánú opó kan ló ṣe é, ó ní ògiri gbẹ nígbà tí kò gbẹ. Ògiri náà wó, ó sì pa opó náà gan-an. Àwọn aláṣẹ kò na Kíkẹ́lọmọ, wọn kò tì í mọ́lé. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò nínú ìlú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilẹ̀kùn tó ń dá a lóhùn mọ́. A máa dúró síwájú yàrá tirẹ̀, a máa bẹ ẹni tó ń kọjá lọ pé kó bá òun wí fún ilẹ̀kùn kó ṣí. Dúródọlá ti bá a ṣí i rí.

“Ó gbẹ, tàbí ó tutù?” ni ìkarahun wí.

Dúródọlá wo òkè. Oòrùn ti rọ̀ sórí òrùlé ilé kejì. Bó bá wí pé ó tutù nísinsìnyí, yóò bá ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó ti. Yóò na ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lálẹ́ yìí, kò sì ní parọ́ kankan. Òótọ́ ni pé ògiri náà tutù. Ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi, bóyá àfi Bàbá yìí, Bàbá yìí kò sì ní pẹ́ láyé mọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sókè àká kan. Àwọn àgbà tí wọ́n ń gbé lọ sókè kì í pẹ́. Ó ti sọ ilé tó pọ̀, ó mọ̀.

Ó ronú bí ẹni tó ń wá ibi tí okùn ti so kókó. Òfin ní kí asọlé sọ ohun gbogbo tó wà nínú ilé. Òfin ní kó má fi ààlà ilé náà sílẹ̀ títí yóò fi sọ ọ́ tán, nítorí bó bá jáde, ìkarahun á pa ẹnu dé, ìbéèrè tí kò bá dáhùn á sì di ẹ̀bi ilé. Òfin ní kí ikán má fi eyín kan ilé tí wọ́n ń sọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí asọlé yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí, ọwọ́ asọlé ni wọ́n fi sí. Wọn kò sì sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ lò, bóyá nítorí pé ẹni tó ṣe òfin náà kò lè rò ó pé ẹnì kan yóò fẹ́ pẹ́ nídìí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó di ìkarahun mú.

“Mo fi ògiri ẹ̀yìn ṣe ìgbẹ̀yìn,” ni ó wí. “Mo padà sí ojú ilé.”

Ìkarahun ṣókùnkùn. Ó tàn. “Ojú ilé,” ni ó wí.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yẹn?” ni Gbádébọ̀ wí.

Dúródọlá yí padà. Ràfátù ló kọjú sí. “Ràfátù, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ sùn sí yàrá ẹ̀yìn yẹn mọ́. Ẹ kó wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ wá igi tó lágbára, ẹ fi gbé òrùlé yàrá náà láti inú, kí ẹrù rẹ̀ kúrò lórí ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kí omi òrùlé rí ibi gbà lọ. Ìgbà náà lẹ ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí símẹ́ńtì, nísàlẹ̀ nìkan, díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jókòó lé yín lórí.”

“Ó máa tó ìgbà wo kó tó gbẹ?” ni Bàbá béèrè.

“Ó nípọn, Bàbá. Òjò ń palẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ sí i dáadáa.”

“Ọyẹ́!” ni Gbádébọ̀ ké. “Ẹ fẹ́ máa sọ ilé kan títí ọyẹ́ fi máa dé? Ẹ̀gbọ́n, yàrá yín!”

“Mo mọ̀.”

“Ẹsẹ̀ yín yìí! Ẹ̀yin tí mo gbé pọ̀n gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí òjò ńlá yẹn rọ̀!”

“Gbádébọ̀, mo ní mo mọ̀.”

“Ẹ ò mọ̀.” Ẹ̀rín ti kúrò lójú ọkùnrin náà. “Ìyá mi wà lábẹ́ tapólì lójú ọ̀nà Òkè-Ata. Òun àti àwọn ará etí òkun tó kù. Àká tó yẹ kí n kọ́ sórí ilẹ̀ yìí, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un ní igun kan níbẹ̀. Ìyá tèmi ò ní ògiri amọ̀ tí ẹnì kan máa bá a ṣàánú. Omi ló gbé tirẹ̀ lọ.”

Ràfátù ń wo ilẹ̀. Dúródọlá wo ihò tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, òótọ́ sì ni ògiri náà, kò mọ bí a ṣe ń fi ọ̀kan pa èkejì.

“Mo gbọ́ ẹ,” ni ó wí. “Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé tó lè dúró nìyí. Ọwọ́ mi ò gbà kí n pè é ní òkú.”

Gbádébọ̀ jáde. Wọ́n gbọ́ ọ níbi tó ti ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó ń ṣàlàyé, tó ń gba èébú, tó tún ń ṣàlàyé. Ìró ikán dúró, àdúgbò náà sì dákẹ́ lójijì tí wọ́n fi gbọ́ adìẹ tó ń tan ilẹ̀ nínú àgbàlá.

Dúródọlá gba inú ilé kọjá lọ sí iwájú, Bàbá Láníyọnu tẹ̀ lé e.

“Ilé mi kò ní àtẹ̀gùn,” ni Bàbá wí. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń yangàn, ó kàn sọ ọ́ ni.

“Mo ti rí i, Bàbá.”

“Ṣé o máa ń jẹ ata?”

“Díẹ̀díẹ̀.”

“Ràfátù kò mọ ohun tí ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ti sọ fún ẹ o.”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìloro. Ó sọ ọ́ bí kò ti sọ ilé kankan rí ní gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé kíákíá ni wọ́n fi ń fẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìloro náà fẹ̀ tó kí ènìyàn méjì pàdé níbẹ̀ láìfara kanra. Ó sọ òpó igi méjì tó gbé iwájú òrùlé dúró, pé èyí tó wà lápá òsì ti dán níbi tí ẹ̀yìn àwọn tó ń fara tì í dé. Ó sọ pẹpẹ amọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pé etí rẹ̀ ṣe róbótó, kò mú, nítorí ibi tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí ni. Ó sọ àtẹ́rígbà, pé ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni gíga gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé. Ó ní igi ìrókò ni, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ki orí rẹ̀ méjèèjì jinlẹ̀ sínú ògiri kí ẹrù òkè má bàa ṣẹ́ ẹ. Ìkarahun ń tàn, ó ń ṣókùnkùn, ó ń tàn. Bí Dúródọlá ti ń sọ̀rọ̀, ó ṣàkíyèsí pé ohùn òun kò gbẹ bó ti máa ń gbẹ lọ́jọ́ mìíràn. Ara ló kàn rẹ̀ ẹ́, bó ti rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, bóyá bí yóò ti máa rẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ilé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan símẹ́ńtì. Gbà, gbà, gbà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn ọkùnrin kan dún níbẹ̀.

“Má kàn án báyẹn! O fẹ́ fọ́ amọ̀ náà pẹ̀lú ni? Fi ẹ̀gbẹ́ irin sí i, kó o wọ́ ọ. Gbé e fún mi.”

“Ta ló pè ọ́?” ni Ràfátù wí. “Ṣé o ò ní ikán tí wàá máa dà?”

“Wọ́n ní kí n dúró tì yín títí Ẹ̀gbọ́n yóò fi sọ ọ́ tán. Bó bá tètè gbẹ, èmi náà á tètè lọ. Súnra.”

“O ò lè sọ pé ẹ jọ̀ọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, súnra.”

Dúródọlá dúró nínú ìloro, ó ń wo oòrùn. Ó pupa, ó tóbi, ó kan orí òrùlé, ó di ìlàjì, ó di tẹ́ẹ́rẹ́ bí etí àwo, ó sì lọ. Lápá ibi tí odò wà, ilẹ̀kùn kan ti gbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Ó dúró bóyá ohun kan yóò dun òun. Orúnkún rẹ̀ ló dùn ún, ìyẹn kì í sì í ṣe tuntun.

Ràfátù gbé ẹní àti abọ́ omi wá. Ẹrọ̀fọ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní náà sórí pẹpẹ, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan láti gbé omi fún un.

“Ẹ jókòó mà. Ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lónìí.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.” Dúródọlá mu omi náà, ó rọra na ẹsẹ̀ sórí ẹní.

“Kí lẹ máa sọ lọ́la?”

“Òrùlé.”

“Ọ̀tunla ńkọ́ mà?”

Dúródọlá fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì wo òkè. Páànù àtijọ́ ni, ó ti dípẹtà, ìṣó sì to lọ lórí rẹ̀ ní ìlà ìlà láti iwájú dé ẹ̀yìn ilé.

“Òrùlé náà ni,” ni ó wí. “Ṣé o rí bí ìṣó ibẹ̀ ti pọ̀ tó?”